BÚRẸ́DÌ ÀLEJÒ, IṢU ONÍLÉ: ÌTÀN ÀTÈ INÚ ÀLÌKÁMÀ ÀTI ÌLERA ÀWA ỌMỌ YORÙBÁ NÍ KANO

"Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Báyìí ni àwọn baba wa ṣe to oúnjẹ wọn lẹ́sẹẹsẹ, láti orí èyí tó níyì jù lọ dé orí èyí tí a kàn fi ń dá ẹnu lára yá. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo òwe yìí yóò rí i pé kò sí búrẹ́dì níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn àgbà gbàgbé rẹ̀. Kò tíì di oúnjẹ wa nígbà tí wọ́n ń pa òwe náà ni. Àlejò ni búrẹ́dì jẹ́ nílé Yorùbá.

Lónìí, àlejò yìí ti gba iwájú ilé. Búrẹ́dì àti tíì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ṣínu láàárọ̀. Ìńdómì ni àwọn ọmọ ń sunkún sí. Sẹ̀mó sì ti jókòó ti iyán àti àmàlà níbi gbogbo ìnáwó wa. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, kò sí aburú kankan nínú èyí. Àmọ́ àwọn kan wà tí ara wọn kò gba àlìkámà rárá, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni ìfun wọn ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ lè máa jẹun kó má sanra, kó má ga, kí ikùn rẹ̀ máa wú, kí ìgbẹ́ gbuuru má sì dá lára rẹ̀. Àgbàlagbà lè máa ní àìtó ẹ̀jẹ̀ láti ọdún dé ọdún láìmọ ohun tó fà á. Lọ́dọ̀ wa, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹnu kì í pẹ́ kó tó kan ọmọ aráyé, àjẹ́ àti àbíkú. Àwọn mìíràn tún wà ní òdìkejì, tí ara wọn le koko, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ará Òkè-Òkun ń sá fún búrẹ́dì, tí wọ́n sì ń ná owó gọbọi lórí oúnjẹ inú páálí tí a kọ "gluten-free" sí lára.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ènìyàn wa nílé lóko, pàápàá ẹ̀yin tí a jọ ń gbé ìlú Kano yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Kí ni ohun tó wà nínú àlìkámà yìí? Ta ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń pa àwọn kan lára? Ọ̀nà wo sì ni ó gbà dé inú àwo oúnjẹ wa?

KÍ NI ÀTÈ YÌÍ?

Ní ìlú Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Jacopo Beccari po ìyẹ̀fun àlìkámà, ó sì ń fi omi fọ̀ ọ́ títí. Omi gbé èyí tó dà bí ògì funfun lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ń fà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ìwé tó ròyìn iṣẹ́ yìí jáde ní ọdún 1745. Gluten ni wọ́n ń pe ohun náà. Èdè Látìn ni, ohun tí a fi ń lẹ nǹkan ni ó sì túmọ̀ sí. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ kan tó bá a mu, ìyẹn àtè, èyí tí àwọn ọmọ oko fi ń mú ẹyẹ. Ọ̀kan lára àwọn èròjà purotéènì ni. Òun ni ó ń di afẹ́fẹ́ mú nínú ìyẹ̀fun tí a pò, tí búrẹ́dì fi ń wú, tó fi ń rọ̀, tó sì ń fà nígbà tí a bá ń ya á. Ìdí nìyí tí ìyẹ̀fun àgbàdo nìkan kò fi lè ṣe irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni yóò rún.

Àtè yìí wà nínú àlìkámà, ó wà nínú ọkà báálì, ó sì wà nínú ọkà ráì tí àwọn ará Yúróòpù ń gbìn. Kò sí nínú iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà, jéró, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kúkúǹdùnkún tàbí ácà. Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ ilé wa ni gbogbo àwọn tí a kà gbẹ̀yìn yìí.

BÍ ÀWỌN ONÍṢÈGÙN ṢE WÁ ÌDÍ ÀÌSÀN NÁÀ

Àìsàn tí a ń sọ yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní celiac. Kì í ṣe àìsàn tuntun. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ikú Jésù, Aretaeus ará Kapadókíà ti kọ̀wé nípa àwọn tí oúnjẹ ń gba inú wọn kọjá láìdà, tí wọ́n sì ń rù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe ikùn ni ó fi sọ àìsàn náà lórúkọ, orúkọ náà ni ó sì wà títí di òní.

Ní ọdún 1887, Samuel Gee, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní Great Ormond Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ pé bí ìwòsàn kan bá wà fún un, nínú oúnjẹ ni yóò ti wá. Ó rí ọmọ kan tí wọ́n ń fún ní ìṣáwùrú ilẹ̀ Họ́lándì lójoojúmọ́, tí ara rẹ̀ sì ń yá gágá. Nígbà tí àsìkò ìṣáwùrú kọjá, àìsàn náà tún padà dé. Gee súnmọ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. Ó rí oúnjẹ tó ń ran ọmọ náà lọ́wọ́, kò rí èyí tó ń ṣe é ní ibi.

Ní ọdún 1924, Sidney Haas ní ìlú New York gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀. Ó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bọ́ àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń ṣe, ó sì ní kí wọ́n má jẹ búrẹ́dì àti àwọn oúnjẹ mìíràn bẹ́ẹ̀. Ara àwọn ọmọ náà le, ìròyìn rẹ̀ sì kàn káàkiri. Haas gbà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó wò wọ́n sàn, àti pé bí ara ọmọ bá ti yá tán, ó lè padà sí oúnjẹ gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Búrẹ́dì tí wọ́n yọ kúrò ni ó ṣe oore náà. Àwọn tó padà sí àlìkámà nítorí pé wọ́n rò pé ara wọn ti yá, ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ ni wọ́n padà sí.

Ọ̀gbẹ́ni Willem-Karel Dicke ni ó wá tú u fó. Oníṣègùn ọmọdé ni, ní ìlú The Hague ní ilẹ̀ Họ́lándì. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó gbóná ni ó ti ń fura sí àlìkámà, ó sì ti kọ̀wé nípa oúnjẹ tí kò ní àlìkámà nínú ní ọdún 1941. Ogun ni ó wá fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ fún un. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 wọ 1945, àwọn Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn ènìyàn ń se gbòǹgbò òdòdó jẹ, nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni ebi àti òtútù sì pa. Láàárín ìyàn ńlá yìí, àwọn ọmọ tí àìsàn celiac ń ṣe ní ilé ìwòsàn Dicke kò burú sí i bí àwọn yòókù. Ńṣe ni ara wọn ń yá. Nígbà tí ogun ń parí lọ, tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi kó búrẹ́dì àti ìyẹ̀fun wá fún wọn, inú àwọn ọmọ náà tún bàjẹ́.

Dicke kò fi mọ sí orí ohun tó fojú rí. Ó pa àlìkámà pọ̀ mọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ náà, ó tún yọ ọ́, ó ń wọn wọ́n, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1950 ni ó gbé àbájáde iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní yunifásítì Utrecht. Ní ọdún 1952, àwọn oníwádìí kan ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àtè inú àlìkámà gan-an ni ó ń ṣe é. Ní ọdún 1956, obìnrin oníṣègùn kan, Margot Shiner, rí ọ̀nà láti mú ẹran tíńtín kan jáde láti inú ìfun kékeré, kí a lè fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó. Ohun tí wọ́n rí nìyí: nínú ìfun ẹni tí ara rẹ̀ dá, àwọn ohun wẹ́wẹ́ kan wà tó dúró bí irun aṣọ ìnura, àwọn ni wọ́n ń fa oore oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nínú ìfun ẹni tó ní àìsàn yìí, wọ́n ti wó lulẹ̀, ibẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ ogun inú ara ni ó ṣe é. Wọ́n rí àtè náà, wọ́n pè é ní ọ̀tá, wọ́n sì ń ba ilé ara wọn jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lé e. Láti ọdún 1997 tí àwọn oníwádìí ní Jámánì ti mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun yìí ń dojú kọ nínú ara, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti rọrùn gan-an.

Nínú ènìyàn 100 ní àgbáyé, nǹkan bí ẹnì kan ni ó ní àìsàn yìí. Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ó ń gbà wá, nítorí náà bí ẹnì kan bá ní in nínú ilé, ó yẹ kí àwọn òbí, àwọn ọmọ àti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá náà ṣe àyẹ̀wò.

BÍ ÀLÌKÁMÀ ṢE DÉ ỌDỌ̀ WA

Iṣu, ẹ̀wà, ọkà bàbà, jéró, ácà àti irú ìrẹsì kan, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti hù. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá nípasẹ̀ àwọn Potogí. Ọ̀nà tí a ń gbà yan gàrí, àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil ní ọdún 1800 ó lé wà lára àwọn tó tàn án kálẹ̀. Kò sí àtè nínú ọ̀kankan nínú wọn. Oúnjẹ wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá wa jẹ tí wọ́n fi roko, tí wọ́n fi jagun, tí wọ́n sì fi rìn láti Ìbàdàn dé etí odò Ọya.

Ní ìhà Àríwá ibí yìí, àlìkámà ti pẹ́ díẹ̀ ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Orúkọ tí a ń pè é fi ibi tó ti wá hàn: ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gbọ́ alkama, àwọn Haúsá sì gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn Lárúbáwá. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí òtútù bá mú, ni wọ́n ń gbìn ín pẹ̀lú ìbomirin. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ìdídò Tiga tán ní ọdún 1974, oko àlìkámà gbilẹ̀ ní Kura àti Kadawa, kò jìnnà sí ibi tí a wà yìí. Gúráàsà, àlkúbùs àti túwó àlìkámà tí a ń bá pàdé nílùú yìí, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ti jáde.

Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn òyìnbó àti àwọn tó padà láti oko ẹrú ni ó kọ́kọ́ ń yan búrẹ́dì ní Èkó, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 1913, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, dé sí Èkó láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ rélùwéè. Ní ọdún 1921, òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yan búrẹ́dì. Ó mú ẹ̀rọ wọ inú iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ lásán ṣe, búrẹ́dì sì pọ̀ lọ́jà títí tí wọ́n fi ń pe Shackleford ní Ọba Búrẹ́dì. Rélùwéè yìí náà ni ó ti dé Kano ní ọdún 1911, tó kó ọ̀pọ̀ àwọn baba wa wá sí Sabon Gari gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò. Ẹni tó wà lójú irin fún ọjọ́ méjì kò lè gúnyán. Búrẹ́dì kò nílò iná, kò nílò odó, kò sì nílò ọbẹ̀. Ó bá ìrìn àjò mu, ó bá iṣẹ́ ọ́fíìsì mu, àwa ará àjò sì tètè gbà á.

Lẹ́yìn òmìnira ni ó wá di oúnjẹ tálákà àti olówó. Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Apapa. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní ọdún 1970 sókè, ọkọ̀ ojú omi ń kó àlìkámà wọlé láìdábọ̀. Ní ọdún 1985, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Gunilla Andrae àti Björn Beckman, kọ odindi ìwé kan lórí bí búrẹ́dì ṣe di pańpẹ́ fún Nàìjíríà. Ìjọba fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé ní ọdún 1987, wọ́n sì tú òfin náà ká ní ọdún 1992. Ní ọdún 2005, ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ti àlìkámà. Ìjọba Ààrẹ Jonathan náà polówó búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ ní ọdún 2011 àti 2012. Ọ̀rọ̀ owó ìlú ni wọ́n ń rò. Kí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àtè má ṣe ṣì í mú o: búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ yẹn ṣì ní àlìkámà nínú.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá pa oúnjẹ dà lójijì, a rí i lára àwọn ará Sàháráwì. Darandaran ni wọ́n ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wàrà ràkúnmí, ẹran àti èso déètì sì ni oúnjẹ wọn. Láti ọdún 1975 ni ogun ti lé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí àgọ́ ní ilẹ̀ Àlùjéríà, níbi tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n ń kó fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 wò, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, àwọn bíi 5.6 nínú 100 ni ó ní àìsàn celiac. Èyí ju ti ibikíbi tí a ti mọ̀ lọ. Irú ẹ̀jẹ̀ ìdílé tí wọ́n ní wà nínú ohun tó fà á, oúnjẹ àlejò tí wọ́n kó fún wọn náà sì wà níbẹ̀.

FÍFI ÀLÌKÁMÀ SÍLẸ̀ NÌKAN KÒ TÓ

Bí ẹnì kan bá wá fi àlìkámà sílẹ̀, tó wá ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, ẹ̀bà lálẹ́, ó ti kúrò nínú pańpẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ìtàn ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí náà.

Ní ọdún 1933, Cicely Williams, obìnrin oníṣègùn tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí irun wọn ń pupa. Ògì àgbàdo lásán ni wọ́n fi ń bọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá já wọn lẹ́nu ọmú. Òun ni ó mú ọ̀rọ̀ kwashiorkor wọ inú ìwé ìṣègùn, láti inú èdè àwọn Ga. Àgbàdo kò ní àtè, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè tọ́ ọmọ.

Ní ilẹ̀ wa gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kọ̀wé ní ọdún 1968 nípa àìsàn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí ènìyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó ti ń rìn, kí ojú àti etí sì máa wọmi. Ó tọpa rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ní àjẹjù, tí wọn kì í rí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà jẹ tó. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírẹ, fífún àti yíyan ni ó ń lé oró náà lọ, èròjà purotéènì sì ń ran ara lọ́wọ́ láti lé èyí tó bá ṣẹ́ kù. Àwọn ìyá wa tí kì í kánjú yọ gàrí nínú àpò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956 sí 1961, ni ó wá fún wa ní irinṣẹ́ tó yẹ kó wà nínú gbogbo ilé. Ní Ìmèsí-Ilé ni ó ti ń tọpa bí àwọn ọmọ ṣe ń dàgbà. Ó ṣe káàdì kan tí a ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, ọwọ́ ìyá ni káàdì náà sì ń wà. Bí ìlà tó wà lórí rẹ̀ bá ń gòkè, ara ọmọ dá. Bí kò bá gòkè mọ́, nǹkan ń ṣẹlẹ̀, kí ikùn tó wú, kí ẹnikẹ́ni sì tó pariwo ayé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni irú káàdì yìí ti gbéra dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù sínú àpótí. Òun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín bí oúnjẹ kan bá ń ṣe ọmọ yín ní ibi.

ERÉ ÌDÁRAYÁ ŃKỌ́?

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń sáré tí wọ́n sì ń gbé irin yóò bèèrè bóyá fífi àlìkámà sílẹ̀ ń fún ènìyàn lágbára. Novak Djokovic, agbábọ́ọ̀lù tẹníìsì ọmọ Serbia, ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní ọdún 2010, oníṣègùn kan sọ fún un pé kó fi oúnjẹ tó ní àtè sílẹ̀. Ní ọdún 2011, ó gba mẹ́ta nínú ife ẹ̀yẹ ńlá mẹ́rin, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ ní àgbáyé. Inú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2013 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà á. Àmọ́ fífi búrẹ́dì kan ikùn rẹ̀ kí wọ́n máa tẹ apá rẹ̀ wò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣàyẹ̀wò fún un, ìmọ̀ ìṣègùn kò sì fọwọ́ sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn oníwádìí kan fún àwọn agun-kẹ̀kẹ́ 13 tí wọn kò ní àìsàn celiac ní oúnjẹ tó ní àtè àti èyí tí kò ní in, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń jẹ. Ìyàtọ̀ kankan kò sí nínú bí wọ́n ṣe gun kẹ̀kẹ́.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé, ẹni tí ara rẹ̀ gba àlìkámà kò ní torí pé ó fi í sílẹ̀ di alágbára. Ẹni tí kò gbà á ni agbára rẹ̀ yóò padà, nítorí ìfun rẹ̀ yóò san, yóò sì tún máa rí oore oúnjẹ rẹ̀ gbà. Kò sì sí pé ẹni tí kò jẹ búrẹ́dì kò lè sáré. Ní ilẹ̀ Etiópíà tí Abebe Bikila ti wá, ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán gba eré ìje Màrátọ́ọ̀nù ní Róòmù ní 1960, ọkà kan tó ń jẹ́ teff ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ wọn tó gbajúmọ̀ jù, kò sì sí àtè nínú rẹ̀. Fún àwa tí a ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dé alẹ́, àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí ṣe eré ìdárayá mìíràn. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìgbà márùn-ún ni.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á ṢE NÍLÙÚ YÌÍ

Èkínní, bí ẹ bá fura sí ara yín tàbí ọmọ yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ fi àlìkámà sílẹ̀. Ẹ lọ rí oníṣègùn, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè má sọ òtítọ́ mọ́. Bí àyẹ̀wò bá sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, títí ayé ni. Kò sí oògùn kan tí a lè lò kí á tún padà sí i.

Èkejì, ẹ mọ ibi tí àtè ń sá pamọ́ sí. Búrẹ́dì, kéèkì, bísíkíìtì, míìtì-páì, pọ́fù-pọ́fù, ṣíńṣíń, ìńdómì, sípàgẹ́tì àti sẹ̀mó tí a fi àlìkámà ṣe, gbogbo wọn ni ó ní in. Lára oúnjẹ àwọn aládùúgbò wa, ẹ ṣọ́ra fún gúráàsà, àlkúbùs, táliyà àti túwó àlìkámà, kí ẹ sì bèèrè ohun tí wọ́n pò mọ́ dànwákè. Túwó ìrẹsì, túwó ọkà bàbà, másà tí a fi ìrẹsì ṣe, fúrá jéró àti ácà tó ń ti ọ̀nà Jos wá dára fún un. Ọtí bíà àti mọ́ọ̀tì lè ní ọkà báálì nínú, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ àlìkámà lọ́jà kò yẹ kó lọ àgbàdo ẹni tó ní àìsàn yìí. Òróró tí wọ́n fi dín pọ́fù-pọ́fù kò yẹ kó dín àkàrà rẹ̀. Ìwọ̀n bíńtín tó láti ba ìfun rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin kan gbogbo wa tí a ń ṣe ìnáwó. Àṣà Yorùbá ni láti rọ àlejò pé kó jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ pé òun kì í jẹ sẹ̀mó tàbí kéèkì, kí á má ṣe rò pé ó ń gbéra ga tàbí pé ó ń fura sí wa. Kí á má ṣe fi "díẹ̀ péré ni" mú un jẹ ẹ́ tipátipá. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kí ìkòkò àmàlà, iyán tàbí mọ́ínmọ́ín kan wà lọ́tọ̀, pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀gúsí, irú, ẹja àti ẹ̀wà kò ní àtè, àwọn ni wọ́n sì ń dá irin àti purotéènì padà sínú ara tí àìsàn ti rù. Owó páálí Òkè-Òkun kò pọn dandan fún wa. Ọjà Yankaba àti Sabon Gari kún fún ohun tí a nílò.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Búrẹ́dì lè máa gbé lọ́dọ̀ àwọn tí ara wọn gbà á, kò sí ìjà. Àwọn ọmọ wa tí ara wọn kò gbà á, iyán, ọkà àti ẹ̀kọ tí òwe àwọn baba wa dárúkọ ṣì wà nílẹ̀ fún wọn. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, kó jẹ́ kí oúnjẹ tí a ń jẹ máa ṣe ara wa lóore, kó sì jẹ́ kí ẹ̀mí wa gùn láti tún rí ìwé ìrántí ti ọdún tó ń bọ̀. Àmín.